Kíkọ́ Àròkọ Aṣàlàyé Nípasẹ̀ Ìfisípò Ètò SWING Lórí Kọ̀ǹpútà VMS

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí olùkọ́ èdè ṣe lè fi iṣẹ́ kan ṣoṣo láti inú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àròkọ aṣàlàyé. Iṣẹ́ náà ni fífi SWING sípò lórí VMS. SWING jẹ́ ètò tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti rìn láàrin àwọn fódà. Èrò tí àpilẹ̀kọ náà gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe àìsí ọ̀rọ̀ nìkan ló ń mú kí ìtọ́sọ́nà rújú lédè Yorùbá. Àfiwé tí kò dúró sójú kan àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò bá ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe mu ló ń fa èyí tó pọ̀ jù.

1.0 Ìfáàrà

Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní ọdún 1977, Ìjọba Àpapọ̀ tẹ Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì fún èdè abínibí ní ipò nínú rẹ̀. Nínú oṣù kẹwàá ọdún 1977 kan náà, ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation ní Amẹ́ríkà kéde kọ̀ǹpútà alábọ́ọ́dé kan tí wọ́n ń pè ní VAX-11/780, pẹ̀lú ètò ìṣàkóso rẹ̀, VMS.

Ọ̀nà méjèèjì kò tíì pàdé tó bó ṣe yẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ki oríkì, tó sì lè túmọ̀ òwe, lè má lè kọ ìgbésẹ̀ márùn-ún tí ẹlòmíràn yóò tẹ̀ lé láìṣìnà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Èdè tí a kò fi ṣiṣẹ́ kò ní pẹ́ di èdè ayẹyẹ nìkan.

2.0 VMS àti ètò àdírẹ́sì rẹ̀

Dave Cutler, Dick Hustvedt àti Peter Lipman ni òléwájú nínú àwọn tó ṣe VMS. Ilé-iṣẹ́ Compaq ra Digital ní ọdún 1998, Compaq náà sì darapọ̀ mọ́ HP ní ọdún 2002. Láti ọdún 2014 ni ilé-iṣẹ́ VMS Software ti gba ìdàgbàsókè ètò náà, tí orúkọ rẹ̀ ti di OpenVMS, sọ́wọ́. Ètò àtijọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì kú.

Ohun tó mú kí ó wúlò fún olùkọ́ èdè ni bó ṣe ń kọ àdírẹ́sì fáìlì ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Àpẹẹrẹ kan nìyí:

DUA1:[ADE.YORUBA.OWE]AKOJO.TXT;3

DUA1 ni díìsìkì. Àwọn ọ̀rọ̀ inú àkámọ́ onígun ni fódà, láti èyí tó wà lóde dé èyí tó wà ní inú pátápátá. AKOJO.TXT ni fáìlì. Nọ́ńbà 3 fi hàn pé ẹ̀dà kẹta ni. VMS kì í tẹ ẹ̀dà tuntun lé ti àtijọ́ lórí, ńṣe ló ń fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Ìlànà ODS-2, tó ń darí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ fáìlì láyé àtijọ́, gba lẹ́tà A sí Z láìsí àmì kankan, nọ́ńbà, àti àmì díẹ̀ mìíràn. Nítorí náà, OWE lè jẹ́ òwe, ó sì lè jẹ́ ọ̀wẹ̀. OKO lè jẹ́ oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀. Ní ọdún 1999 ni ìlànà ODS-5 dé, tó fàyè gba ọ̀pọ̀ lẹ́tà mìíràn. Olùkọ́ lè fi èyí ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́: bí àmì bá sọnù, àdírẹ́sì pàápàá lè pín sí márùn-ún.

3.0 Ìdí tí SWING fi wúlò

Ẹni tó bá ń lo VMS gbọ́dọ̀ mọ ibi tó dúró sí. Àṣẹ SHOW DEFAULT ló ń fi ibi ìdúró hàn, SET DEFAULT sì ló ń yí i padà. Bí ènìyàn bá wà ní [ADE.YORUBA.OWE], tó sì tẹ SET DEFAULT [-], yóò jáde sí [ADE.YORUBA]. Bó bá jẹ́ SET DEFAULT [-.ORIN] ló tẹ̀, yóò jáde kúrò nínú OWE, yóò sì wọ inú ORIN.

Ewu kan wà níbẹ̀. SET DEFAULT kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fódà tí wọ́n dárúkọ wà. Bí ènìyàn bá ṣi OWE kọ sí OWEE, ẹ̀rọ yóò gbà á láìjiyàn, àṣìṣe náà kò sì ní hàn títí ẹni náà yóò fi wá fáìlì rẹ̀ tì.

SWING gba ènìyàn lọ́wọ́ irú àṣìṣe yìí. Ó máa ń ya àwòrán gbogbo fódà sójú kọ̀ǹpútà. Ènìyàn á fi bọ́tìnì ọlọ́fà rìn dé èyí tó fẹ́, á sì yàn án. Ibi tí kò sí kò lè hàn nínú àwòrán náà. Bí ètò náà bá sì parí iṣẹ́, ibi tó gbé ènìyàn lọ ni yóò wà. Lórí ètò Unix, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ètò tí ènìyàn pè dà bí ìránṣẹ́, ibi tí ìránṣẹ́ bá sì lọ kò yí ibi tí ẹni tó rán an dúró sí padà.

4.0 Àpẹẹrẹ àròkọ: ìgbésẹ̀ ìfisípò

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, fáìlì SWING.EXE tó bá irú ẹ̀rọ náà mu gbọ́dọ̀ wà ní ibi ìdúró. Èyí tí wọ́n ṣe fún VAX kò lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lásán lórí Alpha.

(i) Ẹ ṣẹ̀dá fódà tí ètò náà yóò máa gbé:
CREATE/DIRECTORY DUA1:[ADE.IRINSE]

(ii) Ẹ ṣe ẹ̀dà ètò náà sínú fódà yìí:
COPY SWING.EXE DUA1:[ADE.IRINSE]

(iii) Ẹ ṣí fáìlì LOGIN.COM tó wà ní fódà ìwọlé yín, kí ẹ sì fi ìlà yìí kún un:
$ SWING :== $DUA1:[ADE.IRINSE]SWING.EXE

(iv) Ẹ jáde kúrò lórí ẹ̀rọ, kí ẹ tún wọlé, kí ìlà tuntun náà lè ṣiṣẹ́.

(v) Ẹ tẹ SWING. Bí ẹ bá ti yan fódà kan, tí ẹ sì ti jáde kúrò nínú ètò náà, ẹ tẹ SHOW DEFAULT láti rí i dájú pé ibẹ̀ ni ẹ wà.

Ìgbésẹ̀ kẹta ló gba àlàyé jù. Ìlà náà fún ètò ní ìnagijẹ: bí ènìyàn bá ti pe SWING, ẹ̀rọ á mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmì dọ́là tó ṣáájú DUA1 ló ń sọ pé ètò tó yẹ kí ẹ̀rọ ṣí ló tẹ̀ lé e. Àmì = méjì ló ń jẹ́ kí ìnagijẹ náà wà lẹ́yìn tí LOGIN.COM bá parí iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, òpin fáìlì náà ni òpin ìnagijẹ.

5.0 Àkíyèsí nípa èdè

5.1 Igi tàbí agboolé? Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń fi ètò fódà wé igi. Ṣùgbọ́n igi inú ìwé wọn dorí kodò: gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ igi gidi yóò kọ pé kí wọ́n "sọ̀kalẹ̀" lọ sí gbòǹgbò, nígbà tí àwòrán ń fi hàn pé wọ́n ń gòkè. Agboolé kò ní ìṣòro yìí. Agboolé ní ilé nínú, ilé ní yàrá nínú. Ènìyàn ń wọlé, ó sì ń jáde. Àmì [-] túmọ̀ sí "ẹ jáde", [.ORIN] sì túmọ̀ sí "ẹ wọ inú ORIN". Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí òǹkọ̀wé mú àfiwé kan, kí ó sì dúró tì í dé òpin.

5.2 "Gbé" àti "ṣe ẹ̀dà". Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ "gbé SWING.EXE lọ sí fódà", òǹkàwé yóò rò pé fáìlì náà kò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. COPY kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ti àtijọ́ wà níbẹ̀ síbẹ̀. "Ṣe ẹ̀dà" ló tọ́ sí COPY. "Gbé" tọ́ sí RENAME, tó lè mú fáìlì kúrò nínú fódà kan bọ́ sí òmíràn lórí díìsìkì kan náà.

5.3 Ìtò àti àyẹ̀wò. "Kí … tó" àti "bí … bá ti" ni okùn tó so ìgbésẹ̀ pọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ìtọ́sọ́nà tí kò sọ bí òǹkàwé yóò ṣe mọ̀ pé òun ti dé kò tíì parí. Ìdí nìyí tí SHOW DEFAULT fi kẹ́yìn.

5.4 Ọ̀wọ̀. Àpẹẹrẹ òkè yìí lo "ẹ" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí òǹkàwé lè jẹ́ àgbà. Kò yẹ kí àròkọ kan náà fi "ẹ" bẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi "o" parí.

6.0 Ìlò nínú kíláàsì

Kò di dandan kí ilé-ẹ̀kọ́ ní VAX. Ètò SIMH lè mú kí kọ̀ǹpútà lásán ṣe bíi VAX, ṣùgbọ́n ẹfun nìkan náà tó. Olùkọ́ lè ya agboolé sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ó kọ orúkọ fódà sínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ìwé pélébé ṣe fáìlì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò jẹ́ ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n bá kà sí i létí nìkan ni yóò ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn yóò ka ìtọ́sọ́nà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta kọ. Níbi tí "ẹ̀rọ" bá ti dúró tàbí tó ṣìnà, ibẹ̀ ni gbogbo kíláàsì yóò ti tún gbólóhùn náà kọ.

Iṣẹ́ àṣetiléwá:
(a) Kọ ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí yóò mú ènìyàn kúrò ní [ADE.YORUBA.OWE] dé [ADE.HAUSA], kí ó sì mọ̀ pé òun ti dé.
(b) Tún ìtọ́sọ́nà náà kọ pẹ̀lú àfiwé igi. Ọ̀rọ̀-ìṣe wo ló dà ọ́ láàmú, kí sì nìdí?

Olùkọ́ Haúsá tó ní gida àti ɗaki, tàbí olùkọ́ Ígbò tó ní ụlọ àti ime ụlọ, lè ṣe ẹ̀kọ́ yìí gan-an ní èdè tirẹ̀.

7.0 Ìkádìí

Ìfisípò SWING kò ju ìgbésẹ̀ márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n ó ń bi òǹkọ̀wé ní ìbéèrè tí àròkọ púpọ̀ kì í bi í: níbo ni òǹkàwé dúró sí, kí ni yóò ṣe, báwo ni yóò sì ṣe mọ̀ pé òun ti ṣe é? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lédè Yorùbá lè kọ ìlànà lílo oògùn, títún ẹ̀rọ ṣe tàbí ìdìbò fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí kíláàsì èdè abínibí máa múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún.