Ìtọ́jú Ọmọ Nílé Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọkàn

Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ bá fẹ́ dí ihò tó wà lára ògiri inú ọkàn ọmọ láti ìgbà tí a ti bí i, egungun gbọọrọ tó wà láàárín àyà ni ó sábà máa ń là kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè tó ọkàn, bí iṣẹ́ bá sì parí, yóò so egungun náà padà. Awọ ara a máa tètè jinná, ṣùgbọ́n egungun abẹ́ rẹ̀ lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, nítorí náà kí ojú ọgbẹ́ tó ti gbẹ má ṣe tan òbí jẹ.

Ibí yìí ni àṣà ìtọ́jú ọmọ nílẹ̀ Yorùbá ti gba ìṣọ́ra. Gbígbé ọmọ ní abíyá, fífà á lápá, fífi ọ̀já pọ̀n ọ́n pinpin, àti jíju ọmọ sókè nígbà tí ìyá àgbà bá wẹ̀ ẹ́ tán, gbogbo wọn ló ń fa egungun àyà tàbí tí ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dúró títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Ọwọ́ kan ni kí a fi gbá orí àti ẹ̀yìn ọmọ mú, kí èkejì wà lábẹ́ ìdí rẹ̀. Ó ṣòro láti ní kí ìyá àgbà dáwọ́ ohun tó fi tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀ dúró. Ó yẹ kí a ti ṣàlàyé fún un kí ọmọ tó ti ọsibítù dé.

Òrí àti àdí kò gbọ́dọ̀ kan ojú ọgbẹ́. A kò sì gbọ́dọ̀ fún ọmọ ní àgbo mu, nítorí pé ìwọ̀n ara ọmọ ni dókítà fi ń ṣírò oògùn tó ń mú ọmọ tọ̀, èyí tó ń fa omi àpọ̀jù kúrò lára kí iṣẹ́ ọkàn lè fúyẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí àgbo yóò bá a fà. Eyín pàápàá wà nínú ìtọ́jú ọkàn: kòkòrò àìfojúrí lè gba ibi eyín tó jẹrà wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó sì lọ ba sí ọkàn, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa fọ eyín ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí a sì sọ fún dókítà eyín pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un.

Bí ara ọmọ bá gbóná tó ìwọ̀n 38 ti Celsius, bí ọgbẹ́ bá ń ṣọyún, bí ó bá ń mí gúlegúle tàbí tó ń làágùn bó ṣe ń mu ọmú, tàbí tí ahọ́n rẹ̀ ń ṣe bí aró, kí òbí gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún wọn.