Ìwé ìgbélùú kọ́ ni ọmọ yín ń wá

Ìyá kan wà ní Ẹdúnàbọ̀n tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ọmọkùnrin rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Ukraine. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá kọjá ààlà, ó sì wá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn wọ̀ ní Hungary. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyá náà mú fóònù rẹ̀ tọ̀ mí wá, ó ní kí n bá òun gbọ́ ohun tí ọmọ náà sọ. Ohùn tó gbà sílẹ̀ sórí WhatsApp ni, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ọmọ náà ní: "Màámi, ẹ bá mi dúpẹ́ o, mo ti parí gbogbo rotation mi. Residency ló kù báyìí. Ẹ máa fi àdúrà tì mí lẹ́yìn."

Ìyá wo ojú mi. Ó ní, "Tíṣà, owó kòkó ọdún yìí ni mo fi pamọ́ de ìwé yẹn. Èló ni wọ́n ń gbà báyìí kí wọ́n tó fún èèyàn ní residency?"

Ìwé ìgbélùú ló rò pé ọmọ òun ń wá. N kò lè dá a lẹ́bi. Orúkọ kan náà ni àwọn ọmọ wa tó wà ní Ítálì àti Sípéènì ń pe ìwé tí ìjọba fi ń gba àlejò láyè láti gbé ìlú wọn, ẹnu wọn ló sì ti gbọ́ ọ. Ta ló sọ fún un pé orúkọ yẹn kan náà ni àwọn dókítà ń pe ọdún gbọọrọ tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀ka kan nínú iṣẹ́ wọn lábẹ́ ọ̀gá? Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ó ti ń gbààwẹ̀ lórí ohun tí ọmọ rẹ̀ kò béèrè, èyí tí ọmọ náà sì ń béèrè, kò sí ẹni tó ń bá a gbàdúrà lé e lórí.

Àwa tí à ń túmọ̀ èdè jẹ nínú ẹ̀bi yìí. Mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé "dókítà olùgbé". Olùgbé ni ẹni tó fi ìlú kan ṣe ibùgbé. Àwọn olùgbé Ẹdúnàbọ̀n ni èmi àti ìyá yìí. Bí a bá ní dókítà olùgbé, dókítà tó ń gbé àdúgbò wa ni ará ilé máa mú un sí. Mo tún ti rí "ìgbélé". Láti ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà ti lé gbogbo wa wọlé, kónílé-ó-gbélé nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn ń rán èèyàn létí.

Ibi tí Òyìnbó ti mú orúkọ náà kò ṣòro láti mọ̀. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, inú ilé ìwòsàn gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ dókítà ń sùn tí wọ́n ń jí, kí ọ̀gá lè rí wọn lò nígbàkígbà. Bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń gbé ọ̀dọ̀ ọ̀gá nílẹ̀ wa náà nìyẹn. Ilé ni wọ́n mú lọ́hùn-ún tí wọ́n fi sọ iṣẹ́ lórúkọ. Àwa kò ní láti gba inú ilé kọjá, nítorí a ti ní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀: ìkọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ẹ wo bí ó ṣe so kọ́ àti mọ̀ pọ̀. Èèyàn lè kọ́ iṣẹ́ kó má mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ṣì ń kọ́ ni akọ́ṣẹ́. Ẹni tó kọ́ ọ tó sì mọ̀ ọ́n dunjú ni akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni ọmọ wa wà ní gbogbo ọdún residency. Àwọn kan máa ń pè wọ́n ní "àwọn dókítà tó ń gba ìmọ̀ kún ìmọ̀", mo sì fara mọ́ ìyẹn náà, torí ó jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tí à ń wí ti jẹ́ dókítà tẹ́lẹ̀.

Rotation, ìyẹn bí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ṣe ń ti ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn ní ilé ìwòsàn, ńkọ́? "Ìyípo" ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Ohun tó bá yípo máa ń padà síbi tó ti gbéra ni. Ọmọdé tó bá sáré yí ilé po, ẹnu ọ̀nà tó ti gbéra ló máa bá ara rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kì í padà síbi tó ti gbéra. Àwọn mìíràn ní "kíkiri wọ́ọ̀dù", bí ẹni pé ó gbé igbá àkàrà lérí. Ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ sí ni kárí. Bí a bá pín ẹran iléyá tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ará ilé, a ní ó kárí. Kárí ń sọ pé kò sí igun tó ṣẹ́ kù, ohun tí iṣẹ́ náà sì ń béèrè gan-an nìyẹn. Ní Nàìjíríà, oṣù 12 ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fi ń ṣe haosímáànù: oṣù 3 ní ẹ̀ka àwọn àrùn inú ara, 3 ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ, 3 lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, 3 lọ́dọ̀ àwọn aboyún. Ẹni tó ṣe oṣù mẹ́sàn-án kò tíì kárí.

Ẹ kọjá sí Ìpetumodù nítòsí wa níbí, kí ẹ lọ wo àwọn obìnrin tó ń mọ ìkòkò. Ọmọbìnrin kan lè mọ amọ̀ gún, kí ọwọ́ rẹ̀ sì dán nínú mímọ. Bí kò bá tíì dúró ti iná sun ìkòkò, tí kò tíì mọ ìgbà tí ìkòkò fẹ́ sán, ìyá rẹ̀ kò ní sọ pé ó ti mọṣẹ́. Kò tíì kárí.

Kárí yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé ọmọ Yorùbá lọ sókè òkun. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lóòótọ́, àmọ́ kò tíì sí ilé ìwòsàn tó kún ojú òṣùwọ̀n tí wọ́n lè kárí. Àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ kàwé ní Ìbàdàn, wọ́n sì wọkọ̀ òkun lọ kárí wọ́ọ̀dù ní London. Ọjọ́ 20, oṣù kọkànlá, ọdún 1957 ni wọ́n ṣí UCH, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Ìbàdàn. Lónìí, ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ ní Ifẹ̀ kò ní wọkọ̀ òkun. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀ (OAU) ní ẹ̀ka ní Ilé-Ifẹ̀, ó ní Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ní ilé ìlera ní Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí èdè wa mọ̀ dáadáa, tí àwọn ọmọ wa sì ń pàdánù owó nítorí rẹ̀: ìfojúkọ́ àti ìfọwọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè lè lọ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ilé ìwòsàn tó bá gbà á, kó bá wọn yẹ aláìsàn wò, kí ọ̀gá tó rí iṣẹ́ rẹ̀ sì kọ̀wé gbè é lẹ́yìn. Bí ó bá ti gboyè tán, ìwòran nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa gbà á láyè láti ṣe: yóò kó ọwọ́ sẹ́yìn, yóò máa wò. Ọ̀gá wo ló fẹ́ jẹ́rìí sí ọwọ́ tí kò rí? Ẹni tó bá ń wéwèé àtilọ síbẹ̀, kó fọwọ́ kọ́ ọ kó tó jáde. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí kan náà ló mú kí MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà, kéde ní ọdún 2022 pé àwọn kò ní gba ìwé ẹ̀rí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì gbà láti Ukraine lásìkò ogun. Ìdí nìyí tí ọmọ ìyá yìí fi lọ sí Hungary dípò kó jókòó sí yàrá lẹ́nu kọ̀ǹpútà.

Mo jókòó ti ìyá náà, a pe ọmọ rẹ̀, a sì to ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹẹsẹ. Ó ti parí ẹ̀kọ́: òótọ́ ni. Ó ti gboyè: òótọ́ ni. Ìwé àṣẹ ńkọ́? Kò tíì gbà á. Àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe nìyí, tí a ń fi "ó ti jáde" bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó bá wálé, MDCN yóò dán an wò kó tó ṣe haosímáànù, lẹ́yìn náà ni àgùnbánirọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò ṣe ìdánwò tí yóò fi wọ ìkọ́ṣẹ́mọṣẹ́, èyí tí kì í sábà dín ní ọdún mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló ń lọ, ìdánwò wọn wà níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní Match. Dókítà á to àwọn ilé ìwòsàn tó wù ú ní ipò kìn-ín-ní, kejì, ẹ̀kẹta. Ilé ìwòsàn náà á to àwọn dókítà tó wù wọ́n. Kọ̀ǹpútà á so wọ́n pọ̀. Oṣù kẹta ni èsì ń jáde, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni iṣẹ́ sábà ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní tẹ́tẹ́, wọ́n sì ṣì í pè. Ìjọ́hẹn ni. Bí ọmọkùnrin bá wí, tí ọmọbìnrin kò jọ́hẹn, kò sí ìyàwó. Ìyá náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ èyí, ó ní, "Èyí ti yé mi wàyí."

Ọmọ náà sọ fún wa pé ilé ni òun ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ ti gbé owó kòkó náà sọ́tọ̀ fún ìdánwò MDCN. Bí wọ́n bá béèrè ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, ohun tó ń sọ ni pé, "Ó ti gboyè, kò tíì gbàwé àṣẹ, ẹ bá mi gbàdúrà sí ìdánwò rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí n kò tíì rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn fún: "call", alẹ́ tí dókítà kì í fojú kan oorun torí wọ́n lè pè é sí aláìsàn nígbàkígbà. "Iṣẹ́ òru" kò tó o, torí dókítà náà ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. "Àìsùn" sì ti di ti òkú àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà wa ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ní èyí tí ẹ ń pè é láàárín ara yín lédè Yorùbá, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.