Oúnjẹ Ẹni Tí Wọ́n Gé Àpò Ikùn Rẹ̀ Kù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ọ̀rọ̀ ìlú àti ìdílé ni àwọn àgbà ń sọ nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ láti dín sísanra kù mu gan-an. Èèyàn méjì lè wọ ilé ìwòsàn kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí dókítà kan náà ṣe iṣẹ́ kan náà fún wọn. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀kan á máa jẹ mọ́ínmọ́ín láìsí wàhálà, èkejì á fẹnu kàn án, á sì bì í. Kì í ṣe pé ẹni àkọ́kọ́ gbọ́n ju ẹnì kejì lọ. Ara wọn ni kò dọ́gba. Ìwé tí wọ́n fún yín nílé ìwòsàn lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, òfin díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ẹ ó máa jẹ títí ayé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá a rí, látinú oúnjẹ tí wọ́n fi tọ́ yín dàgbà.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀bẹ ṣe. Ní ọdún 1966, Edward Mason àti Chikashi Ito ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní gastric bypass fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n pín àpò tí oúnjẹ ń wọ̀ nínú ikùn sí méjì, wọ́n fi apá kékeré sílẹ̀ lókè kó máa gba oúnjẹ, wọ́n sì so ó mọ́ ìfun. Bí wọ́n ti ń ṣe é lónìí, àpò kékeré yẹn kì í sábà ju 30 mílílítà lọ, ìyẹn nǹkan bíi síbí ńlá méjì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù báyìí ni sleeve: wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò ikùn kúrò pátápátá, èyí tó kù á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Apá tí wọ́n gé sọ nù yẹn gan-an ni èròjà ghrelin ti ń wá jù, èròjà tó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ti dé. Àwọn onímọ̀ ará Japan, Kojima àti Kangawa àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1999. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fi máa ń sọ pé ní oṣù àkọ́kọ́, ebi ò pa àwọn rárá.

Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Ebi á padà wá. Ẹlòmíì lè má rí i títí ọdún á fi yípo, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Àsìkò tí kò tíì dé yìí lẹ ní láti fi kọ́ ara yín ní ìjẹun tuntun, torí nígbà tí ebi bá padà dé, ìwà tó bá bá nílẹ̀ ló máa bá lọ.

Ibi tó le jù fún ọmọ Yorùbá ni òkèlè. Ìwé àwọn òyìnbó á ní kí ẹ ṣọ́ra fún búrẹ́dì, ìrẹsì àti ẹran líle, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé àwa kì í jẹ oúnjẹ òkèlè lẹ́nu, gbígbé la ń gbé e mì. Ọwọ́ á bu àmàlà, àtàǹpàkò á dá ihò sí i, á fi kó ewédú, ó dẹnu, ọ̀fun ti gbà á, ọwọ́ ti padà sínú àwo. Eyín ò mọ̀ sí i. Yorùbá ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, òkèlè tí ẹ ti ń gbé mì láti kékeré lè há sẹ́nu ọ̀nà àpò kékeré náà, kí àyà máa dun yín, kí itọ́ kún ẹnu, kó sì parí sí èébì. Iyán tó bá fà dáadáa, tí gbogbo wa fẹ́ràn, ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù, nítorí kò rọrùn láti jẹ kúnná. Ẹ̀bà tí omi kò tó náà á tún wú sí i nínú.

Mo jókòó ti àbúrò mi obìnrin kan nígbà tó ń kọ́ ìjẹun lákọ̀tun. Àwo ìtẹ́lẹ̀ ife ló bu oúnjẹ sí: gbẹ̀gìrì tó ṣàn díẹ̀, tí kò ní ata, àti ẹja tó ti yọ egungun rẹ̀, tó sì fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Síbí tíì ló mú dání. Á bu díẹ̀, á fi sẹ́nu, á wá gbé síbí sílẹ̀ lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ á sì kúrò níbẹ̀. Á máa jẹ ẹ́ lẹ́nu títí tí eyín ò fi rí nǹkan kan gún mọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá gbé e mì tán ni ọwọ́ á tó padà bá síbí. Nígbà tó ṣe, omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nímú rẹ̀. Ó nu imú, ó sì ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní kí ló dé, ó ku díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tó. Bí imú mi bá ti ń ṣe báyìí, bí mo bá fi síbí kan lé e, màá bì í ni." Ìyá wa tọ́ wa pé a ò gbọdọ̀ ṣẹ́ oúnjẹ kù sínú àwo, ó sì nira fún èmi tí mo ń wò ó. Ẹlòmíì òsúkè ni tirẹ̀, ẹlòmíì á sín, ẹlòmíì á kàn máa gbọ́ bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láyà. Ara yín ní àmì tirẹ̀. Ẹ wá a, kí ẹ sì gbà á gbọ́, torí yíyó àtijọ́, tí ikùn á kún dẹ́nu, kò sí mọ́.

Àwọn òfin tí kò ṣeé yí nìwọ̀nyí, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ gùn. Purotéènì ló ń kọ́kọ́ wọlé: ẹja, ẹyin, adìyẹ, ẹ̀wà. Ó kéré tán, 60 gíráàmù lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ dókítà ń béèrè. Ẹyin kan ò ní ju nǹkan bíi gíráàmù 6 lọ, nítorí náà ẹni tó bá fi ẹ̀kọ lásán kún àpò kékeré yẹn kò ní í rí àyè fún ohun tí ara ń fẹ́. Ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e, oúnjẹ òkèlè tàbí ìrẹsì ló gbẹ̀yìn, bí àyè bá ṣì kù. Omi tó nǹkan bíi lítà kan àtààbọ̀ lójúmọ́, ìyẹn omi inú ọ̀rá mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba sẹntilítà 50, ṣùgbọ́n kí ẹ máa tọ́ ọ lá díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi omi ti oúnjẹ bí a ti ń ṣe nílé. Bí ẹ bá jẹun tán, ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí omi tó dẹ́nu.

Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ló ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù, Amẹ́ríkà tàbí Tọ́kì, tí wọ́n á gba ìwé oúnjẹ dání bọ̀, kìkì yógọ́ọ̀tì àti wàràkàṣì òyìnbó. Wọ́n á jẹ ẹ́ fún oṣù kan, yóò sú wọn, wọn á sì padà sídìí ẹ̀bà. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ohun tí ìwé yẹn ń béèrè wà nílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ pé omi àti ohun mímu ni, tí wọ́n bá ti gbà yín láyè láti jẹ ohun lílọ̀, gbẹ̀gìrì wà. Nígbà tó bá kan oúnjẹ rírọ̀, mọ́ínmọ́ín tí kò gbẹ wà, wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà wà, ẹyin sísè wà, ẹja inú ọbẹ̀ wà. Kí ata dínkù níbẹ̀rẹ̀, kí epo má ṣe léfòó lórí ọbẹ̀. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí oúnjẹ gidi tó padà, dókítà yín ló sì máa sọ ìgbà tó tó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan. Bí ẹ bá fẹ́ dán oúnjẹ tuntun wò, kó jẹ́ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, nílé, lọ́sàn-án, kì í ṣe níbi òde. Ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ, bó ṣe pọ̀ tó, àti ohun tí ara ṣe. Èyí tó bá bínú sí yín lónìí, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ tún un wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ara máa gbà á. Bí oṣù mélòó kan bá kọjá, ìwé yẹn á wúlò fún yín ju èyí tí gbogbo ilé ìwòsàn kọ lọ.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹran tó le kò ní jẹ́ kí ẹ jẹ ẹ́ pọ̀, àpò kékeré á kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun mímu malt, áísìkiriìmù, chin-chin àti bísíkíìtì kì í há, yíyọ́ ni wọ́n ń yọ́ wọlé, ẹ sì lè máa pa wọ́n lẹ́nu láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn ló sábà ń dá ìwọ̀n ara padà. Fún ẹni tó ṣe bypass ní pàtàkì, ohun dídùn tún lè dá nǹkan mìíràn sílẹ̀: kò ní pẹ́ tó mu ún tán tí àyà á máa já, òógùn á bò ó, òòyì á kọ́ ọ, ìgbẹ́ gbuuru á sì mú un. Dumping ni àwọn dókítà ń pè é. Ọtí náà máa ń tètè gun orí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alábùkún tí a fi ń pa ẹ̀fọ́rí ní áspírìnì nínú, ó sì lè dá egbò sínú ikùn ẹni tó ṣe bypass. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì bi í kí ẹ tó gba ààwẹ̀, ìbáà ṣe ti Ramadan tàbí ààwẹ̀ gbígbẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì, pàápàá lọ́dún àkọ́kọ́.

Ẹnu àwọn ènìyàn ńkọ́? Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá rù, wọ́n á ní ó ń jìyà tàbí àìsàn ń ṣe é. Níbi ìnáwó, wọ́n á gbé ìrẹsì rẹpẹtẹ síwájú yín, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin náà kọ́ nìyí? Ẹ jẹun jàre!" Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé ọ̀bẹ tó kan ara yín. Ẹ dúpẹ́, ẹ jẹ ẹja díẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín di èyí tó kù. Kò sẹ́ni tí í bínú sí ẹni tó di oúnjẹ lọ ilé. Ẹ̀yin ìyá, ìyàwó àti ọkọ tí ẹ ń bu oúnjẹ nílé, ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é, ẹ má máa fi kún oúnjẹ ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Síbí méjì tí ẹ rọ̀ ọ́ pé kó fi kún un, òun ló máa bì í.

Ohun tó kù ni mo fi ń bẹ̀ yín jù. Bí èébì bá gbé yín lọ́jọ́ kan, tó tún di ọjọ́ kejì, tí omi pàápàá kò dúró nínú, ẹ má dúró nílé máa mu àgbo, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, torí fítámì B1 lè tán lára kó sì ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ máa lo fítámì àti mínírà tí wọ́n kọ fún yín títí ayé: B12, áyọ́nì, kálísíọ̀mù àti fítámì D, nítorí ikùn tuntun yìí kò lè rí wọn tó látinú oúnjẹ nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà wọn ni kí ilé ìwòsàn tó ṣe iṣẹ́ náà tẹ̀lé aláìsàn fún ó kéré tán ọdún 2, lẹ́yìn náà kí àyẹ̀wò máa wáyé lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe tiyín ní òkèèrè tí ẹ ti padà sí Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ wá dókítà kan nítòsí, ẹ fi ìwé iṣẹ́ abẹ yín hàn án, kí ẹ sì jẹ́ kó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò lọ́dọọdún, kódà bí ara bá le koko.