LẸ́YÌN TÍ ỌJÀ BÁ TÚ: BÍ A ṢE LÈ LO ÀKÓKÒ ÌRỌ̀LẸ́ WA

  

Ẹ̀kọ́ wa tòní kò le. Ó jẹ mọ́ àkókò tó wà láàárín ìgbà tí a bá palẹ̀ ìsọ̀ mọ́ àti ìgbà tí a bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí ọjà bá ti tú, iṣẹ́ parí nìyẹn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó là mí lójú.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Gàrí àti èlùbọ́ ni mo ń tà, bí ẹ ṣe mọ̀. Mo ní oníbàárà kan tó ń ta àmàlà. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ mi. Á gbé e láwìn, á san án lópin ọ̀sẹ̀. Èmi kì í kọ ọ́ sílẹ̀, orí mi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tó di ọjọ́ kan, mo ní kóńgò mẹ́sàn-án ló gbé, ó ní méje ni. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Àwọn àgbà ọjà dá sí i, wọ́n ní, “Níbo lẹ kọ ọ́ sí?” Kò sí ẹni tó lè dáhùn nínú àwa méjèèjì. Ó san owó kóńgò mẹ́sàn-án náà pẹ̀lú ìbínú, ó sì lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọbìnrin kan wá bá mi ní ìsọ̀. Ó ní, “Mọ́mì, owó èlùbọ́ kóńgò méjì tí mo gbà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́sí rèé, ẹ má bínú pé ó pẹ́.” Ara mi bù máṣọ. Kóńgò méjì yẹn ni mo ti kà mọ́ ọrùn ẹni ẹlẹ́ni! Mo dá owó rẹ̀ padà fún un, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó dárí jì mí. A ṣì ń kíra wa dòní, ṣùgbọ́n kò ra èlùbọ́ lọ́wọ́ mi mọ́.

Ẹ wò ó, ká ní mo jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lálaalẹ́ kí n kọ àwìn ọjọ́ náà sílẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yẹn kò ní ṣẹlẹ̀. Ìjókòó ń bẹ nígbà yẹn o. Ojúde ni mò ń jókòó sí, tí à ń sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ títí aago mẹ́wàá.

BÍ A ṢE LÈ PÍN ÌRỌ̀LẸ́ WA

Ẹ̀kíní: ẹ sinmi ná. Ara kì í ṣe òkúta. Bí ẹ bá délé, ẹ fi omi sára, ẹ na ẹsẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó rẹ̀ kì í ṣírò owó kó pé. Ẹ má sì dá gbogbo iṣẹ́ ilé ṣe. Ọmọ tó bá lè jẹun lè fọ abọ́, bó jẹ́ ọkùnrin, bó jẹ́ obìnrin.

Ẹ̀kejì: ẹ ka owó, kí ẹ ya ojú owó sọ́tọ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni tọrọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣírò kan. Ká ní àpò gàrí kan jẹ́ ₦40,000, kí ọkọ̀ àti alábàárù gba ₦2,500. Gbogbo rẹ̀ di ₦42,500. Ká ní kóńgò 50 ló wà nínú rẹ̀, ojú owó kóńgò kan jẹ́ ₦850. Bí a bá ta kóńgò kan ní ₦950, èrè wa jẹ́ ₦100.

Bí a bá ta kóńgò 20 lónìí, ₦19,000 ló wà lọ́wọ́. Ó pọ̀ lójú! Ṣùgbọ́n ₦17,000 níbẹ̀ jẹ́ ojú owó. ₦2,000 péré ni èrè. Bí a bá wá mú ₦4,000 fún ọbẹ̀ àti owó ọkọ̀ ọmọ, a ti jẹ ₦2,000 nínú ojú owó. Bí a bá ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, ₦42,000 ti lọ. Odindi àpò kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ tán, a ó sì máa wí pé ayé ló ń fi wá ṣe. Ayé kọ́ o. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nínú èrè yẹn náà la ti ń yọ owó alájọ. Bí alájọ bá kọ iye kan sínú káàdì yín, ẹ wò ó lálẹ́ bóyá ó bá ohun tí ẹ san mu. Ẹ rántí pé owó ọjọ́ kan nínú oṣù jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ẹ kọ àwìn sílẹ̀. Orúkọ, ọjà, iye, ọjọ́. Ẹ kọ èyí tí àwa náà jẹ àwọn tó ń kó ọjà fún wa pẹ̀lú. Ẹni tó sanwó láti orí fóònù, ẹ wo àkáǹtì yín bóyá owó náà wọlé lóòótọ́. Ẹ má fi alert nìkan ṣe ẹ̀rí. Ohun tó dára jù ni kí ẹ ti wò ó kí ọjà tó kúrò ní ìsọ̀.

Ẹ̀kẹrin: ẹ pe ọmọ mọ́ra. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, kó máa pè é, kí ọmọ máa kọ ọ́. Lẹ́yìn náà kí ọmọ kà á padà, kó ro ó pọ̀. Iṣẹ́ méjì parí lẹ́ẹ̀kan náà: ìwé òwò pé, ẹ sì mọ̀ bóyá ọmọ tí ẹ ń san owó lé lórí mọ ìwé kà tàbí kò mọ̀ ọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má tijú. Àwọn ìyá tó bí wa kò mọ̀wé, wọ́n ń fi èédú fa ìlà sára ògiri, ìṣírò wọn sì pé.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ sùn lásìkò. Ẹni tó ń tòògbé ní ìsọ̀ a fún èèyàn ní ṣéńjì tó ju ti ẹ̀ lọ.

ẸNI TÓ FẸ́ KỌ́ ÌWÉ

Kò tíì pẹ́ jù. Ní ọdún 1944, Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà. Ìyá tó ń tajà ni wọ́n, bíi tiwa. Nígbà tó fi máa di ọdún 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti dìde lọ́pọ̀ yanturu nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, ìjà náà sì le tó bẹ́ẹ̀ tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè fún ìgbà kan ní 1949. Ẹ bèèrè ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín nípa ilé ẹ̀kọ́ àgbà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, “Akọ̀wé, ó ti rẹ̀ wá jù.” Òótọ́ ni. Ó ń rẹ èmi náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ìdajì wákàtí ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, kì í ṣe gbogbo alẹ́. Ojúde ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó ráyè ṣeré lẹ́yìn rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ WA

1. Èló ni ojú owó ọjà tí o tà lánàá? Èló ni èrè rẹ̀?
2. Ta ló jẹ ọ́, níbo lo kọ ọ́ sí?
3. Ìgbà wo lo gbọ́ ohùn ọmọ rẹ kẹ́yìn níbi tó ti ń kàwé?

Kí oníkálùkù mú ìwé kékeré kan àti báírò wá sí ìpàdé. A ó jọ fa ìlà sí i.

Ọjà á tà o. A ò ní ta àtàgbé.

Èmi ni akọ̀wé yín.