Kámẹ́rà Ṣọ́ọ̀bù Wa: Tó Bá Ń Ṣe Ségesège, Kí Ni Ká Yẹ̀ Wò?

  Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí kámẹ́rà tí púpọ̀ nínú wa ti so mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé iṣẹ́ àwọn ọmọkùnrin ni. Èmi tí mò ń kọ ọ́ yìí, pámárì síìsì ni mo kà mọ, léèsì ni mò ń tà, àmọ́ owó àti ìtìjú ni mo fi kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ọdún 2023, ìdì léèsì mẹ́rin di àwátì ní ṣọ́ọ̀bù mi. A dá àwòrán kámẹ́rà padà sẹ́yìn, la bá rí ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà tó gbé àpò kan jáde. Nọ́ńbà tó wà lókè àwòrán ní agogo 1:10 òru ni. Ara mi gbóná. Mo ní kí àbúrò mi fi fóònù ya á lójú tẹlifíṣọ̀n, mo sì gbé e tọ àwọn àgbà ẹgbẹ́ lọ. Ọmọ yìí ń sunkún, ó ń búra, ìyá rẹ̀ wá láti abúlé, kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́. Ṣebí kámẹ́rà ti sọ̀rọ̀.

Ó di ọjọ́ kẹrìndínlógún kí ọmọkùnrin kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe tó wo inú fóònù náà. Ó ní, “Màmá, òru wo nìyí tí oòrùn ń tàn wọlé láti ẹnu ọ̀nà, táwọn èèyàn ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ níta?” Mo wò ó dáadáa, òótọ́ ni. Iná ń tàn nínú ṣọ́ọ̀bù, inú ń bí mi, nọ́ńbà yẹn nìkan ni mo ti ń wò. Nígbà tí wọ́n so kámẹ́rà náà, aago Ṣáínà ni wọ́n fi sílẹ̀ lórí rẹ̀. Aago wọn sì fi wákàtí 7 ṣáájú tiwa. 1:10 òru tí a rí, 6:10 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni. Èmi fúnra mi ni mo rán ọmọ náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn pé kó gbé aṣọ oníbàárà kan lọ fún télọ̀!

Nígbà tí a wá fẹ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lóru, àpótí ti pa á rẹ́, ó ti gba tuntun lé e lórí. A ò mọ ẹni tó kó léèsì náà títí dòní. Mo lọ kúnlẹ̀ fún ìyá ọmọ náà. Ó gba ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kò padà sọ́dọ̀ mi mọ́.

Torí náà, aago ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi aago fóònù yín wé èyí tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Tó bá fi wákàtí 7 gbáko ṣáájú, ẹ wọ ibi ètò aago, GMT+8 lẹ máa bá níbẹ̀. GMT+1 ni tiwa ní Nàìjíríà. Bó bá sì jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni ọjọ́ orí rẹ̀ ń sá padà sí ọdún àtijọ́ kan, bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ tó wà nínú àpótí ló ti kú. CR2032 ló sábà máa ń wà lára rẹ̀, àwọn tó ń tún aago ṣe ń tà á, kò wọ́n.

Àpótí tí mò ń wí yìí ni wọ́n ń pè ní DVR, òun ló ń gba àwòrán sílẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Pé ẹ̀ ń rí ara yín lójú tẹlifíṣọ̀n lónìí kò ní kó jẹ́ pé ó ń gbà á sílẹ̀ o! Hard disk inú rẹ̀ lè ti bàjẹ́ láti oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ máà mọ̀ títí olè á fi dé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣí àwòrán àná fún yín, àti ti òru àná. Tí kò bá sí, ẹ pe ẹni tó so ó. Tí àpótí bá ń ké pìn-ìn pìn-ìn láìdákẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà hard disk ló ń ké.

Ẹ mọ iye ọjọ́ tí tiyín ń gbà kó tó kún. Kámẹ́rà kan tí àwòrán rẹ̀ mọ́ dáadáa lè kó nǹkan bíi 20 GB lójúmọ́. Mẹ́rin nìyẹn, 80 GB. Hard disk 1 TB, tó jẹ́ 1000 GB, kò ní ju bí ọjọ́ 12 lọ tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í da ti àtijọ́ nù. Ọjọ́ tí nǹkan bá sọnù gan-an ni kí ẹ kó àwòrán rẹ̀ sínú flash, kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Fóònù tí a fi ya tèmi, ìṣẹ́jú kan péré ló wà níbẹ̀.

Tí ojú kámẹ́rà kan bá ṣókùnkùn, tó kọ VIDEO LOSS, ẹ má tíì ra tuntun. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ lẹ́yìn àpótí, ẹ fi wáyà kámẹ́rà tó ń ṣiṣẹ́ sí ojúhò rẹ̀. Bí àwòrán bá jáde, ojúhò kò ṣe nǹkan kan, kámẹ́rà, wáyà tàbí adápítọ̀ ni ká fura sí. Ẹ wá gbé adápítọ̀ kámẹ́rà tó dáa fún èyí tí kò dáa, tí wọ́n bá jẹ́ irú kan náà. Ẹ ó rí i pé adápítọ̀ ló máa ń kú jù, torí iná wa tó ń lọ tó ń bọ̀, àwọn kan á sì ta odindi kámẹ́rà fún yín lórí rẹ̀. Ẹ wo òkè àjà náà, eku ọjà wa ò mọ wáyà yàtọ̀ sí ẹ̀pà.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, tó ń kú lálẹ́ ńkọ́? Iná pupa kéékèèké iwájú kámẹ́rà, tó fi ń ríran lókùnkùn, alẹ́ ni wọ́n ń tàn, nígbà náà ló sì ń jẹ iná jù. Bí adápítọ̀ bá ti rẹ̀, tàbí tí wáyà gùn tó sì tín-ín-rín, 12 volts tó kúrò nídìí adápítọ̀ kò ní pé dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà. Ẹ fi aṣọ dúdú bo iwájú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, á rò pé ilẹ̀ ti ṣú. Tó bá kú lójú yín, iná ni kò tó o. Tí kò bá kú, àmọ́ tí gbogbo rẹ̀ ń funfun bí èéfín lálẹ́, òwú aláǹtakùn tàbí eruku ló ń dá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà sí i lójú. Aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Ẹ má sì gbé kámẹ́rà sẹ́yìn gíláàsì, bákan náà ló ń ṣe.

Tí àwòrán bá wà lójú tẹlifíṣọ̀n ṣùgbọ́n tí kò wá sórí fóònù yín nílé, ẹ wo dátà kẹ́ ẹ tó bínú sí kámẹ́rà. Ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù tí ẹni tó so ó fi sílẹ̀ padà, kí ẹni méjì mọ̀ ọ́n. Ẹ tún gbé àpótí náà síbi tó ṣókùnkùn, kẹ́ ẹ tì í pa, torí olè tó gbọ́n, òun ló kọ́kọ́ ń gbé lọ.

Ọmọkùnrin tó tún tèmi ṣe yóò wà ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí ẹni tó fẹ́ kó mú flash rẹ̀ dání. Ẹ̀yin ìlà àwọn oníbàtà, èyí tó ń ké pìn-ìn pìn-ìn lọ́dọ̀ yín láti ọ̀sẹ̀ méjì, à ń gbọ́ ọ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de ìpàdé.