Alùpùpù onílé: Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fáwọn oníṣòwò

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń fi alùpùpù gbé ọjà lọ fáwọn oníbàárà wọn, wọ́n sì mọ ohun tójú ẹni tó ń gùn ún máa ń rí nínú òjò àti oòrùn. Ẹlòmíì á ní bí wọ́n bá kúkú bò ó bíi mọ́tò, ìṣòro ti tán. Àwọn tó ń ṣe alùpùpù lókè òkun ti dán an wò tipẹ́, ẹ jẹ́ ká wo ohun tójú wọn rí.

Lóòótọ́, bíbò náà ní èrè. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti alùpùpù sẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin. Bọ́dì tó mú bí ẹja máa ń dín in kù. Lọ́dún 1956, Wilhelm Herz gun alùpùpù NSU ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n bò báyìí ní Bonneville, l'Amẹ́ríkà, eré rẹ̀ sì ju kìlómítà 330 lọ ní wákàtí kan.

Àmọ́ bọ́dì tó mú níwájú, ó fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí atẹ́gùn bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, ṣe ló máa gbá a mú bí ìgbà tó gbá ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Bó bá jẹ́ iwájú ló fẹ̀ jù, atẹ́gùn á yí orí alùpùpù kúrò lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí àjọ FIM, tó ń darí ìdíje alùpùpù lágbàáyé, fi fòfin de bọ́dì tó bo táyà iwájú lẹ́yìn ìdíje ọdún 1957.

Ìṣòro kejì ni ti ìdúró. Ẹni tó gun alùpùpù lásán á fẹsẹ̀ tilẹ̀ nínú gosíló, ẹni tó wà nínú ilé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ecomobile tí wọ́n ṣe ní Switzerland nílò táyà kéékèèké méjì tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá fẹ́ dúró. Owó nìyẹn náà.

BMW gbé C1 jáde lọ́dún 2000. Ó ní òrùlé àti bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n ó wúwo tó kílò 185, òrùlé sì mú kó wúwo lókè, èyí tí kì í jẹ́ kó rọrùn láti darí bó bá ń rọra lọ. Ní Jámánì, wọ́n gbà kéèyàn gùn ún láìdé akoto. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà. Wọ́n ta 10,614 lọ́dún 2001, èyí tí wọ́n tà lọ́dún 2002 kò tó 2,000, wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró lóṣù kẹwàá ọdún náà.

Honda gba ọ̀nà mìíràn. Gyro Canopy tí wọ́n gbé jáde ní Japan lọ́dún 1990 ní òrùlé, ṣùgbọ́n táyà mẹ́ta ló ní, àwọn tó ń gbé písà lọ fún oníbàárà sì ń lò ó dáadáa. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tiwa náà, táyà mẹ́ta ló gbé òrùlé rẹ̀ dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ní kí wẹ́dà ṣe òrùlé sórí ọ̀kadà yín, ẹ ṣọ́ra. Bí irin àti tápólì bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn ṣe máa rí i tì tó. Ẹ jẹ́ kí àpótí ọjà wà nísàlẹ̀, kó sún mọ́ àga, kí ẹrù tó wúwo jù sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ òrùlé lẹ fẹ́ dandan, ẹ kọ́kọ́ ṣírò iye tí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta máa ná yín.