Ẹ Má Gba Abẹ́rẹ́ Lọ́wọ́ Wọn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tọ́jú bàbá tàbí ìyá tí àtọ̀gbẹ ti ba ojú wọn jẹ́, mo ń rí yín ní Achara Layout ní Enugu níbí. Ìfẹ́ ló ń mú kí ẹ máa gún wọn lábẹ́rẹ́, kí ẹ máa bá wọn dá dókítà lóhùn. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ojú yín ni kí ẹ yá wọn, kí ẹ fi ọwọ́ wọn sílẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá yín dúró ní Agbani Road, ṣúgà kò ní dúró dè yín.

Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ ínsúlínì tí wọ́n ṣe bíi bírò máa ń dún kẹ́ ní yúnìtì kọ̀ọ̀kan. Bí bàbá bá ń yí i, tó ń kà á, ó ti wọn oògùn ara rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ oríṣi méjì ló ń lò, ẹ so rọ́bà kan mọ́ èyí tó ń yára ṣiṣẹ́, ẹ so méjì mọ́ èkejì, ẹ má sì yí àmì yẹn padà láé. Kí nọ́ọ̀sì rí i bó ti ń ṣe é kó tó dá a ṣe. Bí iná bá lọ, ẹ di ínsúlínì náà sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sínú ìkòkò amọ̀ tútù. Èyí tó bá ti dì nínú fíríísà, ẹ sọ ọ́ nù.

Kò sẹ́ni tó ní kí ìyá má jẹ okpa ní Enugu. Abọ́ kan náà ni kí ẹ máa fi bù ú, lákòókò kan náà. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí ṣúgà já wálẹ̀: òógùn á bò wọ́n, ara á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á máa dà rú. Ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 4 sínú omi fún wọn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹni tí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ. Kí ṣúgà wà níbi tí ọwọ́ wọn á ti tó o lórí ibùsùn.

Ẹsẹ̀ wọn ni ojú yín wúlò fún jù. Àtọ̀gbẹ a máa mú kí ẹsẹ̀ kú, ìṣó lè gún wọn kí wọ́n má mọ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín ìka ẹsẹ̀ wọn lálaalẹ́, kí ẹ ti ọwọ́ bọ inú bàtà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.

Láti 2007 tí ilé ìwòsàn UNTH ti kó kúrò nígboro lọ sí Ituku-Ozalla, ọ̀nà ti jìn. Ilé ìwòsàn Parklane súnmọ́ wa díẹ̀. Ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ má sún àyẹ̀wò ojú wọn síwájú. Ṣúgà ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà nínú ẹyinjú lápá ẹ̀yìn jẹ́ láìdunni, àyẹ̀wò ọdọọdún ló sì lè gba ìríran tó ṣẹ́kù là. Bí dókítà bá kọjú sí yín tó ní, “Kí ni wọ́n jẹ?”, ẹ jẹ́ kí bàbá fúnra wọn dáhùn. Ìwé tí ẹ kọ iye ṣúgà wọn sí ni kí ẹ mú dání. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wọn tiyín náà, torí àtọ̀gbẹ a máa rìn nínú ẹbí.